Motimọ̀ àti Àwọn Nọ́ọ̀tì Tó Ń Yí Sódì

Àìsàn àwọn kan wà nínú egungun, ti àwọn mìíràn wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ti onígbàjámọ̀ kan, ẹnu ló wà. Kò lè gbọ́ kí ènìyàn sọ ohunkóhun kó má fèsì pé òun ti mọ̀ ọ́n. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, ó ti mọ̀. Bí o bá padà wá sọ pé òjò náà ti yà lọ síbòmíràn, ìyẹn náà ti dé etí rẹ̀ láti àná. Ìyá tó bí i sọ pé nígbà tí òun ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ láyé, ńṣe ló ń wo òun bí ẹni tó pẹ́ dé. Nígbà tó yá, àwọn ará àdúgbò pa orúkọ rẹ̀ tì, wọ́n ń pè é ní Motimọ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n sọ orúkọ tuntun náà fún un, ó ní òun ti mọ̀ pé wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ irun gé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Àga kan tó ń yí wà níbẹ̀, dígí kan tó ti sán létí, àti kílípà kan ṣoṣo tó máa ń fọn bí ẹ̀fọn tínú ń bí. Súkúrù kékeré kan ló di abẹ mọ́ kílípà náà lẹ́nu. Bí Motimọ̀ bá yí súkúrù yìí sọ́tùn-ún, á dì. Bó bá yí i sósì, á tú. Inú ohun kékeré yìí ló ti kọ́ gbogbo ìmọ̀ tó ń bẹ láyé nípa bí a ṣe ń de nǹkan mọ́ nǹkan, ó kọ́ ọ tán, ó sì fún ara rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí.

Gbogbo oníbàárà tó bá jókòó síwájú dígí ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀kọ́ náà kí etí rẹ̀ tó mọ́. Motimọ̀ á ní, "Ọ̀tún la fi ń dì í, òsì la fi ń tú u, ẹnu mi la fi ń là á yé aráyé." Á wá sọ ti nọ́ọ̀tì kan tí òun dì nígbà kan títí gbogbo ilé fi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí onílé ń bẹ òun pé kí òun dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ẹnì kan bá rán an létí pé abéèrè kì í ṣìnà, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Á ní ẹni tó ń béèrè ọ̀nà, kò mọ̀nà ni.

Bó ṣe wà nìyẹn tí ìfẹ́ fi mú un. Ọmọ aránṣọ kan ló fẹ́ fẹ́, ọmọbìnrin kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ gbé aṣọ tí ìyá rẹ̀ bá rán tán lọ fún àwọn tó ni ín. Bàbá ọmọ náà ti kú tipẹ́, ìyá nìkan ló ń dá ilé gbọ́. Àwọn méjèèjì ti gbà láàárín ara wọn. Ohun tó kù ni pé kí ìyá rí ọkùnrin náà, kó sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí, torí ọmọ náà kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

Ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún un kí ọjọ́ ìbẹ̀wò tó pé. Ó ní ìyá òun kò wá olówó, kò sì wá arẹwà. Ẹni tó kọ́kọ́ wá fẹ́ òun, ibi tó ti ń ṣe bí ẹni tó mọ ohun tí kò mọ̀ ni ìyá òun ti fi ẹnu ọ̀nà hàn án. "Jọ̀ọ́," ó ní, "bí o ò bá mọ nǹkan, sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun mìíràn tí mo bẹ̀ ẹ́ sí."

Motimọ̀ dì í lọ́wọ́ mú tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, "Mo ti mọ̀."

Nígbà tó máa débẹ̀, ó wọ ṣòkòtò kan tó fún un ní itan pinpin, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó buyì kún òun. Yàrá iwájú ni ìyá ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ oríṣiríṣi rọ̀ lára ògiri, ilẹ̀ kún fún àjákù òwú. Ní igun yàrá, ìyá ti kó páálí sílẹ̀, ó gbé fáànù olóòró kan lé e, ó ti ṣí irin tó bo ojú rẹ̀. Eruku aṣọ ti dì mọ́ ìyẹ́ rẹ̀ bí irùngbọ̀n, ìyá sì fẹ́ tú ìyẹ́ náà kó lè fọ̀ ọ́. Ó kí àlejò rẹ̀ dáadáa, ó ní kó jókòó, ó ní òun ò ní pẹ́.

Motimọ̀ jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé eékún bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ìjókòó yẹn kò pẹ́ tó àkókò tí itọ́ fi ń gbẹ lórí ilẹ̀ gbígbóná. Ó ti dìde, ó ti ká apá aṣọ sókè, ó ní kò ní ṣojú òun kí ìyá ìyàwó òun máa bá fáànù jìjàkadì. Ìyá ní kó jókòó jẹ́ẹ́, pé àlejò ni. Motimọ̀ ní níbi tí onígbàjámọ̀ bá wà, nọ́ọ̀tì kì í ṣagídí.

Ìdérí roboto kan wà láàárín fáànù tó di ìyẹ́ rẹ̀ mú. Motimọ̀ gbá a mú, ó yí i sósì. Kò mì. Ó tún yí i sósì. Ìyá la ẹnu pé, "Ọmọ mi, ti fáànù, o máa yí i..." Àmọ́ ọkùnrin náà ti dá a lóhùn pé òun ti mọ̀. Ó gbé fáànù sáàárín eékún méjèèjì, ó gé ètè jẹ, ó fi gbogbo agbára tó fi ń ṣe ìlérí yí i sósì. Òógùn bò ó níwájú fáànù, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan ké pàkà, ìdérí náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdajì, ìdajì kejì ṣì wà lára fáànù.

Ìyá kò bínú. Ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ti fáànù, sódì ni wọ́n ṣe é, ọ̀tún la fi ń tú u. Ó ní bí wọ́n bá ṣe é bíi tàwọn yòókù, bó ti ń yí náà ni á máa tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan ni ìyẹ́ á fò wá bá èèyàn lórí ìjókòó. Ó ní òun náà ti fọ́ ọ̀kan rí kí ẹni tó tà á fún òun tó sọ fún òun, pé kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ gbọ́, bí ènìyàn bá jìn sí kòtò, tí wọ́n na ọwọ́ sí i, ṣé kò yẹ kó di ọwọ́ náà mú? Motimọ̀ ní, "Mo ti mọ̀, Màmá. Mo kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lágbára ni."

Ìyá wo ìdajì ìdérí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. A ti wá mọ̀ pé kò lágbára."

Fáànù kò sí mọ́, ooru sì mú. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun se nǹkan tí àlejò máa jẹ, ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó bá a pé gáàsì ti tán. Àgbá gáàsì mìíràn tó kún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò ju kí wọ́n tú rọ́bà àti irin orí rẹ̀ lára èyí tó tán, kí wọ́n sì dè é mọ́ èyí tó kún. Kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀, ó rí Motimọ̀ tó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó sì ti fa sípánà yọ lára ìṣó tí wọ́n fi kọ́.

Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ro ọ̀rọ̀ náà yanjú. Fáànù yẹn ló ya wèrè. Ṣé torí pé wèrè kan wà ládùúgbò, gbogbo àdúgbò á wá bọ́ sí ìhòòhò? Ọ̀tún ṣì ni ọ̀tún. Òsì ṣì ni òsì. Ó fi sípánà bọ nọ́ọ̀tì orí gáàsì, ó yí i sósì láti tú u. Nọ́ọ̀tì náà kérora díẹ̀, ó dúró. Ọmọbìnrin náà, tó ti tẹ̀ lé wọn wọ ilé ìdáná, rọra bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní kó má wulẹ̀ béèrè.

Ó fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri. Ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ sípánà. Ó kígbe díẹ̀ bí àwọn tó ń gbé ẹrù wúwo ṣe máa ń ké. Nǹkan kan wá ya. Kì í ṣe nọ́ọ̀tì. Ìyá tó ń gé búrẹ́dì nínú yàrá kejì gbọ́ ọ, torí aránṣọ mọ ohùn aṣọ tó bá ya, kódà bó bá wà lójú oorun. Ṣòkòtò pinpin tó buyì kún un ti là láti ìbàdí dé ibi tí a kì í dárúkọ níwájú ìyá ìyàwó.

Motimọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná, ó sì dúró ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Ìyá wọlé, ó wo sípánà, ó wo nọ́ọ̀tì, kò wo ṣòkòtò. Ó ní gáàsì náà, sódì ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é yàtọ̀ kí ènìyàn má baà ṣèèṣì de ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó gba sípánà, ó yí i sọ́tùn-ún. Kò mì. Òun àti ọmọ rẹ̀ jọ dì í mú, wọ́n jọ yí i, kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Motimọ̀ ti dì í débi tó jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ nìkan ni wọ́n lè gbé e lọ bá.

Motimọ̀ ní, "Mo ti mọ̀, Màmá. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dì í dáadáa kó má baà jò ni, kí n tó wá tú u."

Búrẹ́dì gbígbẹ àti omi tútù ni wọ́n jẹ. Ìyá ní kó bọ́ ṣòkòtò náà kí òun gán an fún un, ó sì fún un ní ìró aṣọ kan tí oníbàárà kan gbé wá pé kó ró o mọ́ra. Aṣọ náà ní òdòdó pupa ńláńlá káàkiri. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó dé bí àna ọ̀la ṣe jókòó nínú òdòdó, tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, tó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ojú tì í. Ká sọ òtítọ́, ojú tì í gidi gan-an, torí ó nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà tọkàntọkàn, ó sì ń rí i pé ọwọ́ òun ni òun fi ń tì í sẹ́yìn.

Ẹlòmíràn, ìtìjú á mú un dákẹ́. Ti Motimọ̀, ńṣe ni ìtìjú máa ń tì í lọ wá ohun mìíràn tó lè tún ṣe. Ojú rẹ̀ lọ sí kẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà tó fara ti ògiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pẹ́dà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti jẹ, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, tuntun sì wà nínú ọ̀rá lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́. Aṣọ kan wà tí ọmọbìnrin náà gbọ́dọ̀ gbé lọ fún ẹni tó ni ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkùnrin náà dìde pẹ̀lú òdòdó rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má sọ pé kò lo ọgbọ́n. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kẹ̀kẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó yí pẹ́dà ọ̀tún wò díẹ̀. Ọ̀tún ló ń dì sí. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé ìbejì ni pẹ́dà méjèèjì, inú páálí kan náà ni wọ́n ti bí wọn, bí Táyé bá ti ń ṣe ni Kẹ́hìndé náà á ṣe. Ọmọbìnrin náà bi í lẹ́ẹ̀kan sí i pé ṣé ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó dáhùn pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló tún kù?

Ó ti pẹ́dà òsì bọ ihò rẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún. Kò gbá nǹkan mú. Ó ń yí lásán bí ọmọ tó ń ṣeré. Motimọ̀ ní tuntun ni, ojú ló ń tì í. Ó wá òòlù lọ. Ó gbá pẹ́dà náà wọlé díẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó tún gbá a, ó tún yí i. Ó wọlé. Ó wọlé lóòótọ́, àmọ́ ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹsẹ̀ ajá tó fẹ́ tọ̀. Ìlọ́ tó wà lára rẹ̀ àti èyí tó wà nínú ihò ti rún pọ̀, kò lọ síwájú mọ́, kò sì padà sẹ́yìn.

Ariwo òòlù ló mú ìyá jáde. Ṣòkòtò wà lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó fi í gún àyà aṣọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan pẹ́dà náà.

"Ti ẹsẹ̀ òsì, sódì ni," ó ní. "Kí ó má baà máa tú bọ́ lójú ọ̀nà."

Motimọ̀ la ẹnu. "Mo ti..."

Ìyá na ṣòkòtò sí i. "Wọ ṣòkòtò rẹ, ọmọ mi."

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbé aṣọ náà lọ. Motimọ̀ ló gbé e lé orí, ọmọbìnrin náà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá ọjà, ọmọbìnrin náà la ẹnu. Ó ní ìyá òun kò tíì sọ pé rárá. Ìyá òun ní ti pé kò mọ̀ ọ́n kò dun òun, torí kò sẹ́ni tó mọ nọ́ọ̀tì láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ohun tó ń dẹ́rù ba òun ni ilé tí ọkọ kò ti lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó ní ilé bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ni wọ́n máa jí bá a pé òrùlé ti wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n ìyá òun máa wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí kò retí, ohun tí ẹ̀gbọ́n náà bá sì sọ ni abẹ gé.

Lẹ́yìn náà, ó dúró lójú ọ̀nà. Ó ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò, kí òun gbọ́ ọ létí òun. Kó sọ pé "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Motimọ̀ gbé aṣọ orí rẹ̀ gún régé. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Mi..." Ó ní, "Mi ò..." Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. "Ṣé o rí i," ó ní, "mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Ọmọbìnrin náà gba aṣọ lórí rẹ̀, ó sì dá gbé e lọ dé ibi tó ń lọ.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀bù Motimọ̀ gba ẹ̀sìn tuntun. Onígbàjámọ̀ tó ti ń kọ́ni pé ọ̀tún la fi ń dì í ti wá ń sọ pé àìmọ̀kan àwọn baba wa ni. Òun ti rí òtítọ́. Ohun gbogbo láyé yìí, sódì ni wọ́n ṣe é. Òsì la fi ń dì í, ọ̀tún la fi ń tú u, ẹni tí kò bá sì gbà, kó lọ bi fáànù. Àwọn oníbàárà ń mi orí, torí kò sí bí ènìyàn ṣe lè bá ẹni tó di kílípà mú létí rẹ̀ jiyàn.

Ọjọ́ kan ni bàbá àgbàlagbà kan wọlé. Irun orí bàbá náà funfun báláú, ó kún, ó sì dọ́gba, irú irun tí àwọn ọmọ ọmọ máa ń fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó, ó ní kí ó bá òun tọ́ etí irun òun díẹ̀, kí ó má sì fọwọ́ kan àárín... Motimọ̀ ní, "Mo ti mọ̀, Bàbá." Kílípà ti ké, ó sì ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún orí bàbá kọjá láti etí dé àtàrí. Irun funfun ń já bọ́ sílẹ̀. Bàbá wo dígí, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún gbé e mì. Ó jọ pé ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

Bàbá bi í bóyá ó ti níyàwó. Bàbá ì bá ti fi ibẹ̀ sílẹ̀! Motimọ̀ sọ fún un pé aránṣọ kan ń bẹ òun pé kí òun wá fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun débẹ̀, òun rí i pé kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ nínú ilé náà. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú fáànù, òun ló kọ́ wọn. Wọn ò mọ̀ pé gáàsì ń yí sódì, òun ló là wọ́n lójú. Ó ní ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó tilẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gán ṣòkòtò fún òun torí inú rẹ̀ dùn.

Bàbá ní, "Ó gán ṣòkòtò fún ẹ?"

"Ó gán an, Bàbá. Ìfẹ́ ni."

Ibẹ̀ ni kílípà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Abẹ rẹ̀ ti dẹ̀, ó sì ń mì lẹ́nu rẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ. Tẹ́lẹ̀, Motimọ̀ á kàn fa súkúdíráfà yọ, á yí i sọ́tùn-ún, iṣẹ́ á tẹ̀síwájú. Àmọ́ ó ti gbọ́n báyìí. Ó ní kí bàbá wo bí ẹni tó mọ nǹkan ṣe ń ṣe é, pé ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀ ìlú yìí ni ì bá yí i sọ́tùn-ún. Ó fi súkúdíráfà kan súkúrù kékeré náà, súkúrù kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé, ó sì yí i sósì tagbáratagbára.

Abẹ já bọ́ sí itan bàbá. Súkúrù fò sókè, ó balẹ̀ sáàárín irun gbogbo àwọn tó ti gerun láti àárọ̀, ó sì bọ́ sọ́run alákeji.

Motimọ̀ kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ tú irun dúdú, ó tú irun funfun, ó tú irun ọmọdé. Ó fẹ́ ẹ, irun kó sí i nímú, ó sín. Ó ní kí bàbá jẹ́ kí òun fi sísọ́ọ̀sì parí rẹ̀. Bàbá wo sísọ́ọ̀sì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdajì irun tó kù fún un. Nínú dígí tó sán létí, orí bàbá pín sí méjì, apá kan ń dán, apá kejì funfun bí òwú.

Bàbá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọmọ mi, kí ni ká ṣe báyìí?"

Motimọ̀ wo abẹ. Ó wo ilẹ̀. Ó wá a nínú orí rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ láìsí ẹni tó fà á. "Bàbá," ó ní, "mi ò mọ̀."

Bàbá dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó dé fìlà, ó fà á wálẹ̀ bo etí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Àbúrò mi tí o kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú fáànù," ó ní, "màá bá ẹ kí i."

Motimọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú súkúdíráfà lọ́wọ́ àti irun gbogbo àdúgbò lára ṣòkòtò. Ó ń bẹ̀ ẹ́ lọ́nà, bàbá ń rìn lọ, kò sì yára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ wọ yàrá iwájú aránṣọ. Ìyá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ọmọ rẹ̀ dìde. Fáànù ṣì wà ní igun láìní ìyẹ́.

Ìyá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe rí i?"

"Ó sọ ọ́," bàbá dáhùn.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ò mọ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ." Bàbá wá bọ́ fìlà. "Ohun tó ná mi nìyí."

Ìyá aránṣọ, tó máa ń fi ojú lásán wọn aṣọ, wo orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, ó sì fi ètè gbá ẹ̀rín mú. Ọmọ rẹ̀ kò lè gbá tirẹ̀ mú. Ó fi aṣọ olódòdó pupa bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìdajì orí ló máa ń gbà kí ọmọ yìí tó sọ òtítọ́, òun ṣì ní ìdajì kan sí i tí òun lè fi ta á lọ́rẹ.

Ìyá ní òun ò sọ pé rárá. Tí ènìyàn bá lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe máa jókòó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó pẹ̀lú orí tó rí báyìí nínú ilé. Kí irun ẹ̀gbọ́n òun kọ́kọ́ hù ná, kó dọ́gba. Ọjọ́ tó bá dọ́gba ni kí Motimọ̀ mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Inú ọkùnrin náà dùn débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ fáànù.

"Ìwọ lo ń gé irun," ìyá wá bi í. "Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí irun bí èyí tó hù padà?"

Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó. Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti bi í láti ọjọ́ tó ti wá sílé yìí, kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ àfi èyí. Ojoojúmọ́ ni oníbàárà ń bi í. Ìdáhùn ti dé ẹ̀yìn eyín rẹ̀, ó ti fẹ́ bọ́. Ó wá rántí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ewu. Ó gbé ìdáhùn náà mì. Ó na àyà, ó gbé orí sókè bí ẹni tó ti yege, ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú.

"Màmá," ó ní, "mi ò mọ̀."

Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà. Ìyá aránṣọ yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó gba súkúdíráfà lọ́wọ́ Motimọ̀, ó fi í sínú àpótí abẹ́rẹ́, ó sì ti àpótí náà.

"Ṣé o rí i báyìí," ó ní. "Èyí tó mọ̀ gan-an ló ní òun ò mọ̀."